Girl with a Pearl Earring: ṣé ìwé yìí gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀, àbí ó tún un yà lẹ́ẹ̀kejì?

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo ka ìwé ìtàn àròsọ Tracy Chevalier, Girl with a Pearl Earring, tán lánàá, ọkàn mi ò sì tíì kúrò nídìí rẹ̀. Ọdún 1999 ló jáde, àwọn kan nínú yín á ti kà á tipẹ́. Fún ẹni tí kò tíì kà á: ìlú Delft ní Hólàńdì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọdún 1664 ló sì bẹ̀rẹ̀. Griet jẹ́ ọmọ ọdún 16. Bàbá rẹ̀ ń ya àwòrán sára táìlì kí ààrò tó bú gbàmù tó sì gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Owó tán nílé, ni wọ́n bá fi Griet ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ayàwòrán Johannes Vermeer. Stuiver 8 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lóòjọ́. Ó ń fọṣọ, ó ń pọnmi, ó ń lọ ra ẹran, ó sì ń nu yàrá tí ọ̀gá ti ń yàwòrán, láìgbọdọ̀ yẹ ohunkóhun nípò. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀gá sọ ọ́ di ẹni tó ń lọ ọ̀dà fún un. Nígbà tó yá, ó ní kó jókòó kí òun yà á, yẹtí péálì ìyàwó rẹ̀ ló sì ní kó wọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

Àwòrán yẹn wà ní tòótọ́. Ilé ìṣàfihàn àwòrán Mauritshuis ní ìlú The Hague ló wà, nǹkan bí ọdún 1665 ni Vermeer sì yà á. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan láyé tó dárúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀. Griet tí à ń kà yìí, inú Chevalier ló ti jáde wá.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ nìyí. Ọmọ tí gbogbo ayé ń wò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìwé yìí fún un lórúkọ, ó fún un ní bàbá àti ìyá, ó sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ohun ńlá nìyẹn lójú mi. Àmọ́ ọkùnrin tó ń wò ó yẹn náà ni gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́. Ṣé ó gbà á sílẹ̀ lóòótọ́? Èmi gbà pé ó gbà á sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi gbà á sílẹ̀, kì í ṣe ẹwà rẹ̀. Ẹ dá sí i.

AyàwòránẸ̀gbá

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ayàwòrán ni mí, ibi tí ẹ fẹnu bà gẹ́lẹ́ ló mú mi nínú ìwé náà: iṣẹ́.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Griet ń gé ẹ̀fọ́ àti ohun ọbẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, ó sì tò wọ́n yípo, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Vermeer wọlé, ó béèrè ìdí tó fi ya àwọn funfun sọ́tọ̀, tí kò fi èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pọ́n bí osùn. Ọmọ náà ní wọ́n ń bára wọn jà tí wọ́n bá wà pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ojú ayàwòrán ti wà lórí rẹ̀ kó tó wọ ilé ayàwòrán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìkùukùu ojú ọ̀run. Ọ̀gá bi í pé àwọ̀ wo ló ní, ó ní funfun. Ọ̀gá ní kó tún wò ó. Ó wò ó títí ó fi rí aró, ó rí ìyeyè, ó rí àwọ̀ ewé pàápàá. Mo ti ka ibẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́, gbogbo wọn ló sá lọ síta lọ wòkè.

Àti lílọ ọ̀dà yẹn! Ẹni tí kò bá lọ ọ̀dà rí lè rò pé kékeré ni. Iṣẹ́ agbára ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Bí ata orí ọlọ ló rí, bí omi bá pọ̀ jù ó bàjẹ́, bí o bá kánjú, á ki lọ́wọ́ ọ̀tún, á ṣàn lọ́wọ́ òsì. Òǹkọ̀wé yẹn wádìí iṣẹ́ dáadáa. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Mauritshuis gbé àwòrán náà sábẹ́ oríṣiríṣi ẹ̀rọ láti mọ ohun tí wọ́n fi yà á. Aró tó wà lára aṣọ tí ọmọ náà wé sórí, òkúta lapis lazuli ni, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Afghanistan lónìí ni wọ́n ti ń wa irú rẹ̀. Pupa kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kòkòrò ni wọ́n ń lọ̀ láti rí i, òkè òkun lọ́hùn-ún, ní apá Mexico àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ló ti ń wá. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe funfun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti wa òjé ọ̀hún. Wọ́n tún rí i pé ọmọ náà ní ìpéǹpéjú fínnífínní tí ojú lásán ò lè rí mọ́, àti pé òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ọdún tó ṣá a. Yẹtí náà ò ní ìkọ́ rárá. Ọ̀dà funfun tí wọ́n kàn tọ́ sí ibẹ̀ díẹ̀ ni, ojú wa ló ń sọ ọ́ di péálì.

Ẹnì kan ló lọ gbogbo ọ̀dà wọ̀nyẹn o. Orúkọ onítọ̀hún ò sí níbì kankan.

ỌmọAlápatà

Mo fẹ́ gbèjà Pieter, ọmọ alápatà tó fẹ́ fẹ́ Griet! Gbogbo ibi tí mo ti rí àwọn òǹkàwé tó ń sọ̀rọ̀ ìwé yìí, ṣe ni wọ́n ń kẹ́gàn ọmọkùnrin alápatà yẹn, wọ́n ní ó kéré sí Griet. Kí ló ṣe? Ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ ni Griet ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ alápatà ni èmi náà, Bódìjà ni bàbá mi ti ń ta ẹran kí wọ́n tó darúgbó, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló sì rán wa nílé ìwé. Pieter sọ ohun tó fẹ́ ní gbangba. Ó lọ jókòó ti bàbá àti ìyá Griet ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ kí wọ́n mọ òun. Vermeer ńkọ́? Kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé Griet ń lọ ọ̀dà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bú jáde, kò sọ gbólóhùn kan láti gba ọmọ náà sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Ọmọ mi, o sọ òótọ́ nípa Vermeer. Ṣùgbọ́n má ṣe fọ Pieter mọ́ jù. Ẹran tó ń kó wá fún àwọn òbí yẹn, owó ni. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n mọ̀ pé bí Griet bá rẹ́rìn-ín sí i, ẹran á wà lábọ́ ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi bò. Gbogbo ọkùnrin inú ìwé náà ló ń ra nǹkan kan lára ọmọ yẹn. Ọ̀kan ń ra ojú rẹ̀, ọ̀kan ń ra ọwọ́ rẹ̀, van Ruijven, olówó tó ń ra àwòrán Vermeer, fẹ́ ra èyí tó kù. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwé náà nìyẹn, kò fi pamọ́ fún wa pé nínú àìní ni ọmọ náà ti ń yàn.

Ẹni tí mo bínú sí jù ni Maria Thins, ìyá Catharina tó jẹ́ ìyàwó Vermeer. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà yẹn rí gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé yẹtí ọmọ òun wà létí ọmọ ọ̀dọ̀, òun gan-an ló mú un jáde. Ó mọ ohun tí van Ruijven ti ṣe fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó jókòó fún àwòrán ṣáájú Griet. Àwòrán á di owó, ó sì dákẹ́.

ArínúÌwéÌtàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ní láti takò yín díẹ̀, kí ẹ má bínú. Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, ìwé yìí sì ń dùn mí ní ibi méjì.

Èkíní ni van Ruijven. Ẹni gidi ni Pieter van Ruijven, ó gbé ní Delft. Ó yá Vermeer ní guilder 200 ní ọdún 1657. Ìyàwó rẹ̀, Maria de Knuijt, kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún ní ọdún 1665 pé kí wọ́n fún Vermeer ní guilder 500. Nígbà tí wọ́n ta ẹrù tó ti ọwọ́ ìdílé yẹn sọ̀kalẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 1696, àwòrán Vermeer 21 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí tó kù láyé lónìí ò ju bí 35 lọ. Láìsí ilé yẹn, bóyá ni à bá máa sọ̀rọ̀ Vermeer. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi ẹ̀sùn ọmọ ọ̀dọ̀ kàn án. Ìwé wá sọ ọ́ di ẹni tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ igun ògiri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ títí ayé. Òkú ò lè wí tẹnu rẹ̀.

Èkejì ni Catharina. Ìwé náà mú un bí abiyamọ tó ń pariwo, tó ń fọ́ nǹkan, tí kò lóye iṣẹ́ ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ 15 ló bí, 11 ló yè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Willem, halẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú igi tó ní irin lẹ́nu nígbà tó wà nínú oyún. Tanneke Everpoel, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, ló dúró sáàárín, òun ló sì jẹ́rìí sí i. Ìwé mẹ́nu ba ìyẹn, ó sì kọjá kíá. Nígbà tí ogun Faransé dé ní ọdún 1672, ẹnikẹ́ni ò ra àwòrán mọ́. Vermeer kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1675. Catharina fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn aláṣẹ pé gbèsè àti ẹrù ọmọ wọ ọkọ òun lọ́kàn, pé láàárín ọjọ́ kan àbọ̀ ló kúrò lálàáfíà bọ́ sínú ikú. Búrẹ́dì lásán, guilder 617 ni gbèsè rẹ̀, àwòrán méjì ló sì fi lé oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. Obìnrin tí a ní ohùn rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ nìyẹn, òun ni òǹkọ̀wé sì sọ di ọ̀tá, kí ẹni tí kò sí rí lè tàn.

Àti pé irú àwòrán yẹn, àwọn ará Hólàńdì ń yà á láìṣe ti ẹnì kan pàtó. Tronie ni wọ́n ń pè é. Orí ènìyàn ni, aṣọ àjèjì, ìwò ojú kan, wọ́n á sì tà á lọ́jà. Ó lè jẹ́ Maria, àkọ́bí Vermeer, ló jókòó fún un. Ó lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni.

AyàwòránẸ̀gbá

Bọ̀dá Arínú, orí tronie náà, ẹnì kan ló jókòó. Mo ń ya irú rẹ̀. Mo lè má kọ orúkọ sí i, mo lè yí imú padà, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà sí ètè tó tutù yẹn, orí ara ẹni tó ń mí ni mo ti ń rí i.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Mo gbọ́ yín, sà, mo sì dúpẹ́ fún ìtàn Catharina, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń sọ ìtàn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọdún 16, ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì nínú ilé Àgùdà, ẹni tí ìyáálé lè lé jáde lówùúrọ̀ ọ̀la. Báwo ló ṣe fẹ́ rí ìyáálé náà? Chevalier ò sọ pé Catharina burú, Griet ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwé sì fi hàn wá gbangba pé Griet ń jowú.

Ẹ tún padà lọ sí ibi tí àṣírí ti tú. Catharina rí àwòrán, ó rí yẹtí rẹ̀. Kì í ṣe yẹtí ló béèrè. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò ya òun rí. Ọkọ dáhùn pé ìyàwó òun àti àwọn ọmọ kò sí nínú ayé tí òun ń yà, wọn ò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Obìnrin tó gbé oyún lé oyún fún un! Ó mú ọ̀bẹ, ó dojú kọ àwòrán. Mo sunkún níbẹ̀, Catharina ni mo sì ń sunkún fún. Òǹkọ̀wé tó kórìíra rẹ̀ ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti van Ruijven, ẹ borí mi. Ó yẹ kó yí orúkọ ọkùnrin yẹn padà.

Jagunlabí

Èmi ò rí ohun tí ẹ rí. Ìwé náà falẹ̀ jù. Ó nulẹ̀, ó ra ẹran, ó gun àkàbà lọ sùn. Mo dúró ní ìdajì.

AdúnníPeckham

Jagunlabí, tètè lọ wo fíìmù rẹ̀, ọdún 2003 ló jáde, Scarlett Johansson ṣe Griet, Colin Firth ṣe Vermeer. Ó rẹwà débi pé gbogbo ojú ìran jọ àwòrán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo ka ìwé ni mo rí ohun tí fíìmù mú kúrò, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Nínú fíìmù, Vermeer ló lu etí ọmọ náà. Nínú ìwé, Griet ló lu etí ara rẹ̀. Ó ra òróró kànáfùrú kí etí lè kú, ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó dá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, etí wú, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ní etí kejì náà gbọ́dọ̀ ní yẹtí, bẹ́ẹ̀ etí kan ṣoṣo ló máa hàn nínú àwòrán! Griet mú abẹ́rẹ́, ó gún èkejì. Nígbà tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ di ti ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀. Lọ́wọ́ Griet, a rí ohun tí àwòrán náà ná an, a sì rí ẹni tó san án.

ÀkànníIfẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé díẹ̀, nítorí àwòrán Tutu ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mò ń ka ìwé yìí. Ben Enwonwu ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà. Ó rí ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, ó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ tọrọ àyè kó tó yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà á láàárín ọdún 1973 sí 1974. Àwòrán náà di àmì ìlàjà fún àwọn ènìyàn wa lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri ilé káàkiri. Ojúlówó rẹ̀ wá di àwátì. Ọdún 2017 ni ọ̀kan jáde nínú ilé kan ní àríwá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bonhams tà á ní ọdún 2018, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba pọ́n-ùn.

Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé Tutu ní orúkọ, ó ní ìdílé tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ kí kó tó wọlé. Ọmọ ọba ni. Griet ò ní ẹni tí Vermeer gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, stuiver 8 ti rà á tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìtàn ìfẹ́ ni, ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Àwòrán Vermeer náà ti rìnrìn òṣì o. Ní ọdún 1881 ní The Hague, guilder 2 àti sẹ́ǹtì 30 ni wọ́n rà á ní gbàǹjo.

ỌmọAlápatà

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ ti mú mi dé ibi ìparí, ibi tí owó ti fọhùn. (Ẹni tí kò bá tíì kà á tán, kó fo èyí.) Vermeer kú, ó fi sílẹ̀ pé kí wọ́n fún Griet ní yẹtí péálì yẹn. Griet ti di ìyàwó Pieter, ó ń ta ẹran ní ìsọ̀. Kò lè wọ yẹtí, ta ló ti rí ìyàwó alápatà tó fi péálì sétí? Ó tà á ní guilder 20. Guilder 15 ni gbèsè ẹran tí ilé Vermeer jẹ Pieter, ìyẹn ló fi san án. Ó fi márùn-ún tó kù pamọ́ fún ara rẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Stuiver 20 ló wà nínú guilder kan. Guilder 20 jẹ́ stuiver 400, owó iṣẹ́ àádọ́ta ọjọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gba stuiver 8. Ojú rẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò, owó àádọ́ta ọjọ́ ìnulẹ̀ ló kàn án. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ pé kò pa yẹtí mọ́ bí ohun ìrántí. Ó tà á, ó san gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ, ó kó ìyókù sọ́wọ́.

ArínúÌwéÌtàn

Ìṣirò yẹn dára, àbúrò. Ibi tí ìwé náà ti sún mọ́ òtítọ́ ìgbà yẹn jù nìyẹn lójú mi: gbèsè alápatà, gbèsè oníbúrẹ́dì. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ nípa Catharina.

AdúnníPeckham

Ta ló mọ ìwé mìíràn tó dà bí èyí, tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n yà? Mo fẹ́ kà sí i.

AyàwòránẸ̀gbá

Èyí tí mo ń wá ni ti Laure. Édouard Manet ya Olympia ní Paris ní ọdún 1863. Victorine Meurent ló sùn sórí ibùsùn, òun náà di ayàwòrán nígbà tó yá. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, àwọn tó kọ̀wé nípa àwòrán náà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga. Manet kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé rẹ̀: Laure, ó ní ó rẹwà gan-an, ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, ilé 11, òpópónà Vintimille, àjà kẹta.

Àbẹ̀kẹ́Òǹkàwé

Orúkọ wà, ilé wà, àjà tó ń gbé wà! Ìyẹn ju ohun tí Chevalier ní lọ́wọ́ lọ fíìfíì. Bí ẹnikẹ́ni bá máa kọ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí Laure ń ṣe lọ́jọ́ tí kò lọ sọ́dọ̀ Manet, ẹni tó ń san owó ilé, iye tí Manet san fún wákàtí tó fi dúró, àti ohun tó sọ fún Victorine nígbà tí ọ̀gá jáde lọ mu tábà. Kó sì fi orúkọ ẹni tí kò ṣẹ̀ sílẹ̀, nítorí Bọ̀dá Arínú. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ bá wa wò ó bóyá ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà, kí a jọ kà á.